Ojúde Tí Kò Gbowó Ìwọlé: Ìtàn Gbàgede Àárín Ìlú Allegheny

Bí àwọn ènìyàn bá ń sọ ìtàn mùsíọ́ọ̀mù ọmọdé, inú ilé ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ sí: ohun tí wọ́n kó síbẹ̀, ẹni tó dá a sílẹ̀, iye ọmọ tó ń wọ ibẹ̀ lọ́dún. Ilẹ̀ tó wà níwájú ilẹ̀kùn kì í rí ju gbólóhùn kan gbà, bí ẹni pé ìgbà tí iṣẹ́ gidi parí tán ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin òdòdó sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ níhìn-ín ni pé ìta ló yẹ kí ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Inú ilé wà fún ẹni tó bá rí owó ìwọlé san. Ojúde ni apá kan ṣoṣo tí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́ lè lò láìsí ẹni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe. Bí wọ́n bá ṣe tún ojúde ṣe la fi ń mọ̀ bóyá gbogbo ìlú ló ni ilé náà, tàbí àwọn kan nínú ìlú. Mi ò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn kedere tó ìhà àríwá Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, oríta kan tó ti jẹ́ ọkàn ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún di kọnkéré tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gbà kọjá, kó tó wá di ojúde Mùsíọ́ọ̀mù Àwọn Ọmọdé ní 2012.

Ilẹ̀ ibẹ̀ ti wà fún ìlò gbogbo ará ìlú kí ilé kankan tó dúró lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ìpínlẹ̀ Pennsylvania jẹ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lówó, ilẹ̀ ló sì fi san gbèsè náà. Ìhà àríwá odò Allegheny, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ onílẹ̀ nípasẹ̀ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Fort Stanwix ní 1784, wà lára ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún èyí. Ní 1788, David Redick wọn ìlú tuntun síbẹ̀, tí wọ́n pè ní Allegheny. Ìlú náà kò tóbi rárá: àdúgbò onígun mẹ́rin 36 péré, mẹ́fà ní ìbú, mẹ́fà ní òòró. Pápá ìjẹko yí gbogbo rẹ̀ ká, ẹnikẹ́ni tó bá sì ní ilẹ̀ nínú ìlú ló ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran síbẹ̀. Ní àárín gbùngbùn, níbi tí òpópónà Ohio àti òpópónà Federal ti pàdé, wọ́n fi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríta sílẹ̀ fún ìlò ìlú, wọn ò tà á fún ẹnì kankan. A ò gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn tí wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn kò sí lára àwọn tí wọ́n kà sí ará ìlú. Síbẹ̀, ìpinnu náà lágbára. Ẹni tó ń wọn ilẹ̀ láti fi san gbèsè ìbá ta àárín ìlú ní owó tó pọ̀ jù, nítorí ibẹ̀ ló níye lórí jù lọ. Ibẹ̀ gan-an ni wọn ò tà.

Ohun tí wọ́n wá kọ́ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà bá ìpinnu yẹn mu. Ilé ọjà dúró síbẹ̀ láti 1863, gbọ̀ngàn ìlú wà níbẹ̀, ọgbà ìtura wà níbẹ̀, ilé ìkàwé sì dé ní 1890. Pápá ìjẹko tó yí ìlú ká ti di ọgbà ìgbafẹ́ lẹ́yìn 1867. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 1900, ó lé ní 129,000 tó ń gbé Allegheny. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹran, tó fẹ́ rí olórí ìlú, tó fẹ́ yá ìwé tàbí tó kàn fẹ́ jókòó, oríta kan náà ló ń gbà. Ọmọdé tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́ lọ́jà kò lè ṣàì rí ilé ìkàwé. Mo rò pé èyí ni ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò àtijọ́ yẹn: ohun tí ọmọ nílò àti ohun tí kò tíì mọ̀ pé òun nílò wà lójú ọ̀nà kan náà, ìrìn ẹsẹ̀ ló sì fi ń dé ibẹ̀.

Ilé ìkàwé náà ní ìtàn tó kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ní 1848 ni ìdílé Carnegie ti Scotland dé, tí wọ́n sì fìdí kalẹ̀ sí Allegheny. Andrew ọmọ wọn kò tíì pé ọdún 13 nígbà náà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ, lẹ́yìn náà ó ń jíṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ tẹ́lígíráàfù, èyí tó ń fi wáyà gbé ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ James Anderson máa ń ṣí ilé ìkàwé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé fún àwọn ọmọdékùnrin tó ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n yá ìwé láì sanwó. Ìgbà tí ètò náà gbòòrò, àwọn alábòójútó sọ pé àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́ nìkan ló wà fún. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ tó ń jíṣẹ́ san dọ́là 2 lọ́dún. Ní 1853, Andrew tó jẹ́ ọmọ ọdún 17 kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Dispatch láti fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n sì gba òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé. Ó di olówó ńlá, ó kọ́ ilé ìkàwé fún Allegheny, Ààrẹ Benjamin Harrison fúnra rẹ̀ sì wá síbi ìṣílé rẹ̀ ní 1890. Àwọn ènìyàn máa ń sọ ìtàn yìí láti fi yin ìforítì Carnegie. Èmi rí nǹkan mìíràn nínú rẹ̀. Ìwé wà, ọmọ tó fẹ́ kà á wà. Ẹnu ọ̀nà ni ìdènà wà. Carnegie pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ní 1904 ó fi ère ìrántí Anderson sí ìta, ní ojúde ilé ìkàwé náà. Daniel Chester French, ẹni tó wá gbẹ́ ère Lincoln tó jókòó ní Washington lẹ́yìn náà, ló ṣe é. Òṣìṣẹ́ kan jókòó sórí owú alágbẹ̀dẹ, ó ń kàwé. Ẹni tí kò wọlé rí náà yóò rí i pé òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀ ni wọ́n ń retí nínú ilé.

Ní 1907, Pittsburgh gbé Allegheny mì. Àwọn ará Allegheny dìbò kọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n òfin sọ pé kí wọ́n pa ìbò ìlú méjèèjì pọ̀, Pittsburgh sì pọ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n gbé ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ dájọ́ pé ìpínlẹ̀ ló ni ìlú, ó lè fẹ̀ ẹ́ lójú, ó lè gé e kù, ó sì lè pa á rẹ́, bóyá àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ tàbí wọn ò fẹ́. Ìdájọ́ yẹn ṣì wà nínú ìwé òfin Amẹ́ríkà títí di òní. Ìlú tí kò ní olórí mọ́ kò nílò gbọ̀ngàn ìlú. Nígbà tó yá, wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ gbọ̀ngàn ìwòràwọ̀ sí àyè rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1939. Orúkọ Henry Buhl ni wọ́n fi sọ ọ́. Oníṣòwò ni Buhl. Òun àti ẹlẹgbẹ́ òwò rẹ̀, Boggs, ló dá ilé ìtajà ńlá sílẹ̀ ní Allegheny ní 1869, owó tó fi sílẹ̀ nígbà tó kú ni wọ́n sì fi dá àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ìlú lọ, àánú olówó rọ́pò rẹ̀. N kò fi èyí bú Buhl, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ilé ìwé ló kọ́kọ́ rí bí ọ̀run ṣe rí nínú gbọ̀ngàn yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí ipò rẹ̀ jẹ́ láti máa ṣọ́ oríta náà fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 fi ìyẹn hàn. Àwọn olùṣètò ìlú nígbà náà gbàgbọ́ pé àárín ìlú àtijọ́ ti gbó, àti pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti sọ òpópónà tóóró di ohun àná. Wọ́n wó ilé tó lé ní 500. Ilé ọjà tó ti wà láti 1863 lọ pẹ̀lú wọn. Wọ́n dí òpópónà Federal àti Ohio ní àárín, wọ́n fi ọ̀nà ọkọ̀ tó fẹ̀ yí gbogbo rẹ̀ ká, wọ́n sì kọ́ ilé ìtajà ńlá tó kọjú sí ara rẹ̀, pẹ̀lú ibùdókọ̀ lábẹ́ ilẹ̀. Iwájú ilé ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́ tó wà nítòsí àti gbọ̀ngàn ìwòràwọ̀ di gbàgede kọnkéré tó rì sísàlẹ̀ ojú ọ̀nà, tí ènìyàn ní láti sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé. Èrò wọn kò burú: wọ́n fẹ́ kí àwọn ènìyàn rìn láìsí ọkọ̀ tó ń dà wọ́n láàmú. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n mú ọkọ̀ kúrò, wọ́n sì mú ìdí tí ènìyàn fi ń wá síbẹ̀ kúrò pẹ̀lú rẹ̀. Kò sí ọjà mọ́, kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ lọ síbòmíràn, nítorí ọ̀nà kò já síbòmíràn mọ́. Ní 1980, olùwádìí kan tó ń jẹ́ William Whyte gbé ìwé kan jáde lórí àwọn gbàgede New York tó ti fi kámẹ́rà ṣọ́ fún ọdún púpọ̀. Lára ohun tó rí ni pé ibi tí ojú ẹni tó ń kọjá lọ kò bá tó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í débẹ̀, àti pé àwọn gbàgede tó rì sínú ilẹ̀ sábà máa ń ṣófo. Ó dà bíi pé Allegheny ló ń wò. Ilé ìtajà ńlá náà kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù àwọn oníbàárà, wọ́n sì sọ ọ́ di ọ́fíìsì.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ parí ní 1897 ìbá ti bá wọn lọ, bí kì í bá ṣe àjọ kan tí Arthur Ziegler àti James Van Trump dá sílẹ̀ ní 1964 láti máa gba àwọn ilé àtijọ́ Pittsburgh lọ́wọ́ ìwólulẹ̀. Àjọ náà gba ilé yìí là, inú àjà ilẹ̀ rẹ̀ ni Mùsíọ́ọ̀mù Àwọn Ọmọdé sì ti bẹ̀rẹ̀ ní 1983. Gbọ̀ngàn ìwòràwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tì ní 1991. Ní 2004, wọ́n fi ilé tuntun kan so méjèèjì pọ̀. Àwọn ayàwòrán ilé láti California, Koning Eizenberg, ló ya àwòrán rẹ̀, oníṣẹ́ ọnà Ned Kahn sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ike pẹlẹbẹ kéékèèké tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá bo ojú ilé náà. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́, gbogbo ara ilé á máa mì lẹ́gbẹ̀lẹ́gbẹ̀ bí omi odò. Iṣẹ́ tó dára ni. Síbẹ̀, ọmọ tó fẹ́ rí i ní láti dúró sórí kọnkéré àwọn ọdún 1960 kó tó lè gbójú sókè. Láti 1983 sí 2012 jẹ́ ọdún 29. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ lo ilé náà ti dàgbà, àwọn mìíràn nínú wọn ti bímọ, kí ilẹ̀ tó wà níwájú rẹ̀ tó rí ẹni tún un ṣe.

Andrea Cochran, ayàwòrán ilẹ̀ láti San Francisco, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Wọ́n kó kọnkéré kúrò. Dípò rẹ̀, wọ́n ṣe pápá koríko tí ọmọ lè sáré tàbí yí gbirigbiri lórí rẹ̀, wọ́n gbin igi tó ń ṣíji bo ìjókòó, wọ́n sì gbin koríko gíga àti òdòdó tó jẹ́ ti ilẹ̀ ibẹ̀, tí kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ilẹ̀ ọ̀hún ń fa òjò mu dípò kí òjò máa ṣàn lọ sínú gọ́tà. Àwọn ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá lọ síbi tí àwọn ènìyàn ń lọ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò ní ohunkóhun ṣe pẹ̀lú mùsíọ́ọ̀mù náà ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ní apá kan, Ned Kahn ri òpó irin tí kì í dípẹtà 64 mọ́lẹ̀, wọ́n sì ga gan-an. Ẹ̀rọ ń ti omi gba inú wọn pẹ̀lú agbára, omi náà sì ń gba àwọn ihò wínníwínní jáde tó bẹ́ẹ̀ tó fi di kùrukùru. Wọ́n to àwọn ihò náà lọ́nà tí kùrukùru fi ń rí roboto láàárín àwọn òpó, kí atẹ́gùn tó gbé e tú ká. Ó ń jáde, ó ń dáwọ́ dúró, ó tún ń jáde. Àwọn ọmọ ń sá wọ inú rẹ̀, wọn ò rí ara wọn mọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á tún rí ara wọn. Ohun tí mo yìn jù nínú iṣẹ́ yìí ni pé kò sí àkọlé tó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí omi ṣe ń di kùrukùru, kò sì sí ẹni tó ń ṣọ́ ẹni tó wọlé. Ọmọ tó ti san owó inú ilé àti ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ kọjá lọ, bákan náà ni omi ṣe ń ta sí wọn lára.

Kì í ṣe Pittsburgh nìkan ni ọ̀rọ̀ ojúde ti le. Brooklyn ni mùsíọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọmọdé ti bẹ̀rẹ̀ ní 1899, nínú ilé ńlá kan tó wà láàárín ọgbà ìtura. Kò nílò gbàgede, nítorí ọgbà náà ni ojúde rẹ̀. Ọmọ tó ń ṣeré níta kàn ń ṣí ilẹ̀kùn ni. Ìgbà tí ilé àtijọ́ náà lọ, ohun tí wọ́n kọ́ dípò rẹ̀ ní 1977 jẹ́ àràmàǹdà. Wọ́n ri ilé tuntun mọ́ inú ilẹ̀, kí òrùlé rẹ̀ lè wà fún eré. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ ahéré irin kékeré tó ti wà ní ẹsẹ̀ afárá Queensboro fún àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ìgboro. Láti ibẹ̀, ọmọ ń sọ̀ kalẹ̀ gba inú páìpù irin ńlá kan tí omi ń ṣàn ní àárín rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tó dùn mọ́ ọmọ ni. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí kò bá ti mọ̀ pé mùsíọ́ọ̀mù wà níbẹ̀ lè kọjá láì mọ̀. Àwọn tó tún un kọ́ ní 2008 lọ sí òdìkejì pátápátá: ayàwòrán ilé Rafael Viñoly fi àwọn táìlì ofeefee bo ilé náà tó fi jẹ́ pé láti ọ̀nà jíjìn ni ojú ti ń tó o. Wọ́n ti gbé ahéré irin náà padà lọ sí erékùṣù Roosevelt ṣáájú ìgbà yẹn, nítòsí afárá tó ti wá. Ti Boston yàtọ̀. Nígbà tí mùsíọ́ọ̀mù ọmọdé ibẹ̀ kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí etí omi ní 1979, ìgò wàrà onígi kan tó ga ní 40 ẹsẹ̀ bàtà ti dúró síwájú rẹ̀, níbi tí wọ́n ń ta áísíkirimù. Wọ́n ti kọ́ ọ ní Taunton ní 1934, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n sì fi gbé e wá ní 1977. Ẹni tó wá ra áísíkirimù kò nílò tíkẹ́ẹ̀tì, ìgò náà ló sì ń sọ fún ọmọ tó rí i lókèèrè pé ibí yìí wà fún un. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ayàwòrán ilẹ̀ Michael Van Valkenburgh wá tún ojúde náà ṣe ní 2007, wọ́n fi ìgò yẹn sílẹ̀ lára rẹ̀. Ilé mẹ́ta ni wọ̀nyí, ọ̀nà wọn kò dọ́gba, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn ènìyàn fi ọkàn sí nínú wọn ni ibi tí ojúde ti wúlò fún ẹni tí kò wọlé.

Àtakò àkọ́kọ́ sí ohun tí mo ń sọ ni ti owó, ó sì yẹ ká gbọ́ ọ dáadáa. Àwọn kan á sọ pé mùsíọ́ọ̀mù ọmọdé kì í lówó tó. Náírà tàbí dọ́là tí wọ́n bá ná sórí koríko ti kúrò lára èyí tí wọn ì bá fi ra ohun ẹ̀kọ́ tàbí fi dín owó ìwọlé kù. Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni. Ìdáhùn mi ni pé ẹ wo iye ọjọ́ tí ohun kọ̀ọ̀kan fi ń wúlò. Ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ nínú ilé máa ń gbó, wọ́n sì máa ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún díẹ̀. Ilẹ̀ tí Redick fi sílẹ̀ ní 1788 ṣì wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá dín owó ìwọlé kù, ẹni tó ń rìn lọ kò ní mọ̀. Ojúde tó dára ló ń mú un yà. Èyí kò sì sọ pé kí wọ́n má dín owó kù. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá fi ojúde sílẹ̀ láti fi tọ́jú inú ilé ti yan àwọn tó ń sanwó láàyò.

Ti ààbò tún wà. Àwọn òbí kan gbà pé ibi tó yẹ kí ọmọ wà ni inú ọgbà tó ní gáàdì. N kò fojú kékeré wo ẹ̀rù òbí. Ṣùgbọ́n ìtàn Allegheny kò tì wọ́n lẹ́yìn. Gbàgede kọnkéré tó rì sísàlẹ̀ yẹn ní ògiri yíká, kò sí mọ́tò tó lè dé ibẹ̀, òun gan-an ni ibi tí àwọn ènìyàn ń bẹ̀rù láti gbà kọjá. Ojú ènìyàn ló ń dáàbò bo ọmọ níta, ojú kì í sì í pọ̀ níbi tí kò sí ìdí láti kọjá. Cochran àti Kahn ronú sí ewu gidi. Kùrukùru kò ní adágún tí ọmọ lè rì sínú rẹ̀. Omi rẹ̀ kò tó nǹkan, atẹ́gùn sì ń gbé e lọ kó tó dúró sílẹ̀. Wọ́n mú ewu kúrò nínú omi, wọn ò mú omi kúrò níwájú ọmọ.

Àtakò tó wúwo jù lọ́kàn mi ni ẹ̀kẹta. Ẹnì kan lè sọ pé ọgbà tó lẹ́wà yìí ń bo ẹ̀ṣẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n wó ilé tó lé ní 500, wọ́n tú àwọn ènìyàn ká, wọ́n ba ọjà jẹ́. Ní 50 ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n gbin òdòdó síbẹ̀, gbogbo ayé sì ń yin ẹwà rẹ̀. Òótọ́ ni. A máa ń wí pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pa òwe yẹn ní Allegheny. Ọba tó ni ilé tó jó ló ń tún un kọ́ fúnra rẹ̀. Ní Allegheny, àwọn tí iná jó ilé wọn ti lọ, àwọn mìíràn ló ń jẹ ẹwà rẹ̀. Ọgbà kò lè dá ọjà padà, kò sì lè dá ìbò ọdún 1906 padà. Orúkọ tó wà lára rẹ̀ pàápàá jẹ́ ti Buhl, ìyẹn ni pé owó àjọ olóore ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí ìlú ṣe. Mo gba gbogbo èyí. Ohun tí mi ò gbà ni pé nítorí rẹ̀, kí wọ́n fi kọnkéré sílẹ̀. Kọnkéré ni ìjìyà náà gan-an, àwọn ọmọ tó kù ní àdúgbò ló sì ń jẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àtúnṣe tó jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ní ibi tí àwọn ènìyàn ti lè pàdé kí wọ́n tó béèrè fún un.

Àwọn nǹkan tó tẹ̀lé e fún mi ní ìrètí díẹ̀. Mànàmáná ti sán lu ilé ìkàwé Carnegie ní 2006, wọ́n sì ti í. Ní 2019, mùsíọ́ọ̀mù náà tún inú rẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí àwọn ògiri àti ọ̀ṣọ́ àtijọ́ rẹ̀ hàn bí ọdún ti ṣe é. Ère òṣìṣẹ́ tó ń kàwé, tí wọ́n ti tú ká nígbà kan, ti padà síta láti 1988. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, gbọ̀ngàn tí wọ́n fi owó oníṣòwò kọ́, ilé ìkàwé ọmọ tí wọ́n fẹ́ gba dọ́là 2 lọ́wọ́ rẹ̀: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá wà lábẹ́ àbójútó ilé kan tó wà fún ọmọdé. Tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà ní ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ tó wà níwájú wọn nìkan ni kò gbowó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti wọ̀n ọ́n sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ń gbèrò láti kọ́ irú ilé báyìí, níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ kọ owó ojúde sínú ìwé àdéhùn àkọ́kọ́, ẹ má fi í dúró de owó tó bá ṣẹ́kù. Ẹ gbé ayàwòrán ilẹ̀ jókòó pẹ̀lú ayàwòrán ilé láti ọjọ́ kìíní. Ẹ bi àwọn tó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́ léèrè ibi tí wọ́n ń lọ, kí ẹ tó ya ọ̀nà kankan. Ó gba Pittsburgh ní ọdún 29. Kò yẹ kó gba ẹ̀yin tó bẹ́ẹ̀.